Kútọnu Kọjá Ibi Ìra Mọ́tò

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Nàìjíríà ló mọ ọ̀nà Kútọnu, àmọ́ wọn ò mọ Kútọnu. Wọ́n á gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, wọ́n á yẹ mọ́tò tòkunbọ̀ wò, wọ́n á dúnàádúrà, ó di ilé. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó dé ilé àna, tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ẹ bi irú wọn ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, Kútọnu ni wọ́n á pè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni olú-ìlú lábẹ́ òfin, ibẹ̀ sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà. Ṣùgbọ́n Kútọnu ni ọ́fíìsì ààrẹ wà, òun náà ló ni pápákọ̀ òfurufú àti èbúté. Àjàṣẹ́ ló jẹ oyè, Kútọnu ló jókòó sórí àga.

Orúkọ ìlú náà lè dẹ́rù ba àlejò. Ìtumọ̀ tí wọ́n sábà máa ń fún un ní èdè Fọn ni "ẹnu odò ikú". Ẹni tó bá dúró lórí afárá lẹ́bàá ọjà Tokpa, tó ń wo bí omi ọ̀sà ṣe ń wọ inú òkun, á rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ọwọ́ ènìyàn ló la ẹnu omi náà. Ní 1885 ni àwọn Faransé gbẹ́ ẹ, kí àkúnya omi adágún Nokoué lè ráyè bọ́ sókun. Ìyẹn ló pín ìlú sí méjì títí dòní. Èbúté tí tòkunbọ̀ ń gbà wọlé ní tiẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, 1965 ni wọ́n ṣí i.

Ohun tó yẹ kó dun Nàìjíríà ni ti 1990. Ní February ọdún náà, aráàlú pé jọ ní Kútọnu fún àpérò lórí orílẹ̀-èdè wọn. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Àpérò náà já èyí tó pọ̀ jù nínú agbára gbà lọ́wọ́ Mathieu Kérékou, ológun tó gbàjọba ní 1972. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Nicéphore Soglo fi ìbò lù ú, Kérékou sì gbéjọba sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ológun ṣì jókòó pa títí di 1999!

Ká tiẹ̀ pa ti òṣèlú tì. Ọjà Dantokpa, tí gbogbo ayé ń pè ní Tokpa, gba orúkọ lára Dan, òrìṣà tí Yorùbá mọ̀ sí Òṣùmàrè. Níbẹ̀, ìyá aláṣọ kan lè fi Fọn dá oníbàárà kan lóhùn, kó fi Faransé bá èkejì ṣírò owó sẹ́fà, kó tó wá yíjú sí yín pé, "Ẹ káàbọ̀, èló lẹ fẹ́ san?"

Bí ẹ bá tún lọ wo mọ́tò, ẹ wá ọlọ́kadà tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Zemidjan ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "tètè gbé mi". Ẹ ní kó gbé yín lọ sí Tokpa, kẹ́ ẹ sì fi Yorùbá nájà.