Bí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Bá Ń Rìn Bí Ìgbín



Ní ìjẹta, aládùúgbò mi kan ní Ikoga níbí, tí ó ń ránṣọ jẹun, wá bá mi pẹ̀lú ìbànújẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ń múra ìdánwò JAMB ń lọ́ra bí ìgbín. Ẹnì kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ra òmíràn. Owó èsúsú tí ó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ni ó fẹ́ kó lé e. Mo ní kí ó ṣe sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí dà bí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ wa. Ìrántí rẹ̀, tí à ń pè ní RAM, sì dà bí tábìlì tí a ń gé ẹ̀fọ́ lé lórí. Bí tábìlì bá kéré, a óò máa lọ, a óò máa bọ̀ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ṣáá ni. Bí ó ti ń rí nìyẹn fún kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò ju GB 2 lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí. Bí Windows ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ wo Memory. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán, RAM ni ó kéré. Bí àyè bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ra RAM. Àrùn mìíràn ni ó ń ṣe é.

RAM kì í ṣe aṣọ tí ó bá gbogbo ènìyàn mu. DDR2, DDR3 àti DDR4 kò lè wọ ihò ara wọn, ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì gùn ju ti alágbèéká lọ. Bí Windows rẹ̀ bá jẹ́ 32-bit, kò lè lo ju GB 4 lọ. Owó tí ẹ bá ná kọjá ìyẹn, òfò ni. Àwọn kan sì wà tí a jó RAM wọn mọ́ inú. Ìwọ̀nyẹn kò ṣeé pààrọ̀.

Ní ìparí ọdún 2025, RAM gbówó lórí káàkiri àgbáyé, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń rà á rẹpẹtẹ fún iṣẹ́ AI. Nítorí náà, tòkunbọ̀ tí a yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kí ẹ béèrè ní Computer Village, Ikeja. Ọ̀nà Ikoga sí Ikeja jìn; ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání. Kí oníṣẹ́ pa á, kí ó yọ wáyà iná àti bátìrì kí ó tó ki RAM bọ̀ ọ́. Ẹ tàn án, kí ẹ fi ojú ara yín rí iye GB tuntun náà kí ẹ tó sanwó.

Ihò kan ṣófo nínú ti aládùúgbò mi. GB 2 ni ó fi kún GB 2. Ọmọ rẹ̀ ti padà sídìí ẹ̀kọ́, owó ilé-ìwé sì wà níbi tí ó wà.

Ilé wa á tòrò o. Ó di oṣù tí ń bọ̀.