Àtíbàbà Ọjọ́ Ìkómọ àti Ẹ̀fúùfù Ìsàlẹ̀ Èkó

Nígbà tí ẹ bá ń múra ìkómọ tàbí ìnáwó mìíràn ní ìta gbangba, mo mọ̀ pé ohun tí ọkàn yín kọ́kọ́ máa ń lọ sí ni oúnjẹ, aṣọ ẹbí, àti ẹni tí yóò wá lùlù. Kánópì ni a máa ń fi sẹ́yìn. A ó ní kí àbúrò ọkọ bá wa háyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé abẹ́ kánópì yìí gan-an ni ìyá ìkókó yóò jókòó sí, pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lápá, tí àwọn àgbà yóò sì yí i ká. Bí irin àti tapólì bá wó, orí wọn ni yóò wó lé. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lóṣù yìí.

Àwọn ìyá wa àgbà kò mọ kánópì. Àtíbàbà ni wọ́n ń pa. Àwọn ọkùnrin ilé yóò ri òpó ọparun mọ́lẹ̀, nítorí ilẹ̀ iyanrìn tí ó rọrùn láti gbẹ́ ni ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọn yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí, wọn yóò sì fi okùn dì í. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: òpó ti wọ inú ilẹ̀ lọ, imọ̀ ọ̀pẹ sì ní àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ìnáwó mìíràn kì í tilẹ̀ jáde sí òde rárá. Inú àgbàlá agboolé ni wọ́n ti ń ṣe é, tí ògiri ilé yóò dáàbò bò wọ́n ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lónìí, ọ̀dà ni a tẹ́ sí ojú pópó, kò sì sí ẹni tí yóò gbà kí a gbẹ́ ihò sí i. Kánópì a kàn dúró lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ bí igi tí kò ní gbòǹgbò. Tapólì orí rẹ̀ kò sì ní ihò kankan; ohun tí kì í jẹ́ kí òjò wọlé náà ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde.

Ẹ̀fúùfù méjì ni ó yẹ kí ìyàwó ilé Ìsàlẹ̀ Èkó dá mọ̀. Èkínní ni atẹ́gùn ojoojúmọ́ tí ń ti òkun wá, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀rẹ́ wa ni eléyìí. Òun ni ó ń mú kí ooru ọ̀sán rọlẹ̀. Èkejì ni ìjì tí ń ṣáájú òjò ńlá. Láti ìlà-oòrùn ni èyí ti máa ń wá, ó sì máa ń pọ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, àti láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Atẹ́gùn òkun yóò kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ooru yóò mú, ojú ọ̀run yóò ṣú dùdù lápá ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù yóò yọ lójijì láti òdìkejì ibi tí a ti ń retí rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọn á so okùn ní ìhà òkun nìkan, nítorí pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láti àárọ̀. Bí ìjì bá wá dé láti ẹ̀yìn, kò sí ohun tí ó di ìhà yẹn mú. Àwọn àdúgbò tí ó kọjú sí ọ̀sà, bí Ẹbúté Èrò àti Adéníji Adélé, a máa gba tiwọn tààrà. Àwọn òpópónà tóóró tí ilé gíga há mọ́ àárín náà kò bọ́, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá gba àárín ògiri méjì a máa sáré ju èyí tí ó wà ní gbangba lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ mú kánópì kékeré tí ó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tí ó sì gùn ní mítà mẹ́ta. Bí ẹ̀fúùfù bá ń sáré tó kìlómítà 36 ní wákàtí kan, agbára tí ó lè fi ti òrùlé náà yóò tó nǹkan bí ìwọ̀n kílò 55. Ẹ ó rò pé bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára náà yóò di 110. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí eré ẹ̀fúùfù bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára rẹ̀ ń dà. Ó di nǹkan bí kílò 220. Ẹ wá wo ohun tí a fi ń dì í mú. Lítà omi kan, kílò kan ni. Nítorí náà kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, kílò 100 ni gbogbo wọn. Ó tó fún ẹ̀fúùfù àkọ́kọ́, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ohun tí èkejì ń fẹ́. Kánópì ńlá tí a ń háyà fún ìnáwó sì fẹ̀ ju èyí lọ ní ọ̀nà púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé okùn àti ẹrù wúwo wà fún atẹ́gùn ojoojúmọ́. Ìjì kò ṣeé bá jà. Ṣíṣí kánópì sílẹ̀ kí ó tó dé ni oògùn rẹ̀.

Fún atẹ́gùn ojoojúmọ́ náà, àpò ìrẹsì tí a rọ iyanrìn kún ni mo fẹ́ràn jù lọ. Yóò wúwo ju ìrẹsì tí ó kọ́kọ́ gbé lọ, kì í yí, kì í sì í jò bí kẹ́ẹ̀gì tí ọmọdé ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ má kàn gbé e lé ẹsẹ̀ irin lásán. Igun òkè kánópì ni kí a ti so okùn, kí a fà á wá sílẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ sí ìhà ìta, kí ibi tí ó ti kanlẹ̀ sì jìnnà sí ẹsẹ̀ irin tó bí kánópì náà ṣe ga. Níbi tí òpópónà kò bá gba èyí, kí a fà á wálẹ̀ ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ irin. Okùn ọ̀rá a máa nà bí omi bá kàn án, nítorí náà kí a tún un fà lẹ́yìn òjò kékeré. Kí a sì so àkísà funfun mọ́ ọn, kí àwọn ọmọ tí ń sáré kiri má baà fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ.

Bí ẹ bá ń yan kánópì lọ́wọ́ ẹni tí ń fi í háyà, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ irin rẹ̀ tọ́, bóyá bóòtù rẹ̀ pé, bóyá ihò tí okùn ń gbà kọjá kò tíì ya. Èyí tí orí rẹ̀ ga ṣóńṣó dára ju èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lọ, nítorí omi òjò yóò ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Òjò tí ó ga ní mílímítà 20 péré, bí gbogbo rẹ̀ bá dúró sórí kánópì kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 180. Àwọn aṣọ ìkélé olówó iyebíye tí a ń ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti mú un lẹ́wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín wọn kù. Ìgbòkun ni wọ́n ń dà bí afẹ́fẹ́ bá kó sí wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn mọ́ òpó iná mànàmáná, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé irin gígùn dìde ní abẹ́ wáyà iná tí ó rẹlẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ẹ̀mí ni. Ẹ má so ó mọ́ fàráńdà ilé àtijọ́ náà. Ẹ rántí ilé tí ó wó ní Ìta Fàájì ní oṣù kẹta ọdún 2019, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé nínú rẹ̀. Ògiri púpọ̀ ní Erékùṣù Èkó ni ó ti gbó tí a kò sì mọ̀. Ní ti àwọn tí ń so ó mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlejò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi onímọ́tò léèrè ìgbà tí yóò lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Àwọn Àlàájì àti Àlàájà inú wa kò ní gbàgbé Mínà ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 1997, nígbà tí iná tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdáná kó wọ inú àwọn àgọ́, tí ẹ̀fúùfù sì gbé e káàkiri. Ènìyàn tí ó lé ní 300 ni ó ṣòfò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Saudi Arabia fi àgọ́ tí iná kì í tètè mú rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀. Tapólì tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ìdáná àti ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí kánópì, kí wọ́n sì wà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kì í ṣe ibi tí ó ti ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọmọ lọ sí etíkun náà béèrè tiyín. Bar Beach ti di ìtàn. Tarkwa Bay ni ọ̀pọ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ báyìí. Níbẹ̀, èèkàn tí a gún mọ́ iyanrìn gbígbẹ kì í pẹ́ fà yọ. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó apá, ẹ so okùn mọ́ àárín àpò aṣọ tí ẹ rọ iyanrìn kún, ẹ rì í mọ́ ihò náà, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ má sì ta ìbòji yín ga jù. Àwọn darandaran Lárúbáwá tí ń gbé inú aginjù mọ èyí: àgọ́ irun ewúrẹ́ wọn a máa rẹlẹ̀, okùn rẹ̀ a sì gùn, kí ìjì lè gba orí rẹ̀ kọjá.

Mo mọ̀ pé ohun tí ó nira jù lọ fún ìyàwó kékeré kì í ṣe okùn tàbí iyanrìn. Ta ni yóò sọ pé kí a ṣí kánópì? Àwọn àgbà ti jókòó, onílù ń ki bàbá ọkọ, àwọn ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ láti Àgaràwù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sójú agbo, ojú ọ̀run sì ń ṣú. Ẹnu ìyàwó kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ṣáájú ọjọ́ náà ni kí ẹ ti sọ ọ́. Bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wọlé tọ ìyá ọkọ yín lọ, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ọmọ yín kékeré yìí, ẹ bá wa yan ẹnì kan tí yóò máa wo ojú ọ̀run." Bí ìyá ọkọ bá ti fúnra rẹ̀ yan ẹni náà, àṣẹ rẹ̀ ni yóò máa sọ, kì í ṣe tiyín. Kí ó jẹ́ ọkùnrin tí kì í mu ọtí níbi ìnáwó, bí a bá rí irú rẹ̀ nínú ẹbí.

Wọ́n lè dá yín lóhùn pé a ti rí ẹni tí yóò dá òjò dúró. Ẹ dúpẹ́, ẹ má bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òjò nìkan ni ó gba owó rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn ẹ̀fúùfù.

Ní ti ìyá ìkókó fúnra rẹ̀, kí ó má dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí atẹ́gùn òkun bá ti dákẹ́ tí ìlà-oòrùn sì ṣú, kí ó gbé ọmọ rẹ̀ dìde, kí ó sì wọlé. Kò sí àgbà tí yóò bínú sí ẹni tí ó ní òun fẹ́ lọ fún ọmọ lọ́yàn. Kí a ti ṣètò yàrá kan sílẹ̀ fún un ní ìsàlẹ̀ ilé, nítòsí ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹní, aṣọ ọmọ àti tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn arúgbó àti ọmọdé, kí àwọn tí ó háyà kánópì wá ṣí i sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rọ̀ mọ́ irin pé òun fẹ́ fi ara dì í mú. Kí ẹ sì bá onísẹ́ kánópì ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀ títí ìnáwó yóò fi parí. Oúnjẹ àwọn méjèèjì kò tó owó aṣọ ẹbí ẹnì kan.