Kì í Ṣe Ẹni Tó Lọ Ló Wá: Àtakò sí Ìgbàgbọ́ Tó Gbòde nípa Àlá Olólùfẹ́ Àtijọ́

Ìgbàgbọ́ kan wọ́pọ̀ láàárín ọmọ Yorùbá, yálà wọ́n jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe, pé bí ènìyàn bá lá àlá olólùfẹ́ tí ọ̀nà wọn ti yà, tàbí ọkọ tàbí aya tí ikú ti mú lọ, ẹni náà gan-an ni ó wá bá alálàá lójú oorun. Ìgbàgbọ́ yìí pín sí ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ̀ka kìn-ín-ní ní pé òkú ń pe alààyè, pàápàá bí àwọn méjèèjì bá jẹun pọ̀ nínú àlá náà. Èkejì ní pé ẹni tí ó ṣì wà láyé ni ó ń ronú nípa alálàá, àti pé kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ara wọn ni àlá ń wí. Ẹ̀kẹta ní pé ọkọ òru ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀, èyíinì ni ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó máa ń gbé àwọ̀ ẹni tí ènìyàn fẹ́ràn wọ̀ láti bá a lò pọ̀ lójú oorun. Ìwé-pẹlẹbẹ yìí ń sọ pé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kùnà, pé ọkàn alálàá fúnra rẹ̀ ni ó ń hun irú àlá bẹ́ẹ̀, àti pé ìtọ́jú tí ó yẹ ìbànújẹ́ tí ènìyàn bá jí sí yàtọ̀ pátápátá sí ogun tí wọ́n máa ń gbé dìde sí i.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú àlá náà. Ọkùnrin tí òun àti obìnrin kan fẹ́ra ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí obìnrin náà sì ti di abiyamọ tí orí rẹ̀ ń hu ewú, kì í sábà rí ewú náà lójú àlá. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó di ṣùkú, tí ó ró àdìrẹ tí ó máa ń ró nígbà náà, ni yóò rí, wọn yóò sì jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n ti wó palẹ̀ tipẹ́. Opó tí ọkọ rẹ̀ gbẹ mọ́ra lórí àìsàn kí ó tó kú lè rí i lójú àlá pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ó ń fi òkèlè kan ọbẹ̀, tí ó sì ń ráhùn pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà ni ó wá lóòótọ́, ẹni tí ó wà láàyè ìbá gbé ojú tí ó ní lónìí wá, ìbá sì mú ìròyìn tí alálàá kò gbọ́ rí dání. Àwọn kan yóò ní àwọn lá àlá ẹnì kan lóru, ẹni náà sì pe àwọn lórí fóònù ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan tí ó bọ́ sí i ni wọ́n ń rántí, wọn kò ka gbogbo òru tí wọ́n lá irú àlá kan náà tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Ẹ̀rí kejì wá láti inú ìmọ̀ nípa oorun. Ní 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì ìlú Chicago kéde pé ìpele kan wà nínú oorun tí ẹyinjú máa ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú tó pa dé, tí àwọn tí wọ́n bá jí ní àkókò náà sì sábà máa ń ní àlá láti rọ́. Ìpele yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní REM, a máa padà wá ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú síra wọn, ó sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀, èyí tí ó jẹ́ kí àlá àfẹ̀mọ́júmọ́ pọ̀ kí ó sì ṣeé rántí. Ní àsìkò náà, apá ọpọlọ tí ẹ̀rù, ìfẹ́ àti ìbànújẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá ń ṣiṣẹ́ gidigidi, nígbà tí apá iwájú tí ó máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò dákẹ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sùn fi lè bá olóògbé sọ̀rọ̀ láìbi í léèrè pé ṣebí wọ́n ti sin ín. Bí ojú bá là, òye yóò padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n adùn àlá kò tíì kúrò lára, alálàá yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pàdánù ẹni tí ó ti pàdánù tẹ́lẹ̀. Ibi tí adùn àti ìkorò ti pàdé nìyí, kò sì sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Àwọn tí ó gba ọkọ òru gbọ́ yóò tọ́ka sí ìwúwo tí ó máa ń tẹ ènìyàn láyà lórí ibùsùn, tí kò ní jẹ́ kí ó lè pariwo tàbí gbé apá. Òtítọ́ ni pé ó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò fara sin: iṣan ara máa ń rọ nínú ìpele REM kí ẹni tó ń sùn má baà máa fi ara ṣe ohun tó ń lá, nígbà mìíràn iyè sì máa ń jí ṣáájú ara, tí ènìyàn yóò fi rò pé ẹnì kan wà nínú yàrá. Aina àti Famuyiwa, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, kọ̀wé ní 2007 nípa ogun òru, orúkọ tí àwọn Yorùbá fún irú ìdààmú ojú oorun bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àìsàn tí ìmọ̀ ìṣègùn ti mọ̀.

Ohun tí ó burú jù nínú ìgbàgbọ́ yìí ni pé ìwòsàn tí ó ń pèsè a máa sọ àrùn di púpọ̀. Ní 2004, Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí ó mọ̀. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹni náà kúrò lọ́kàn kí wọ́n tó sùn ni wọ́n lá àlá rẹ̀ jù, ì báà jẹ́ ẹni tí ọkàn wọn fà sí tàbí ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrònú tí a fi tipátipá lé dà bí igbá tí a tẹ̀ rì sínú omi, tí yóò ta padà sókè bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀. Bákan náà, láti 1960 ni William Dement ti fi hàn pé bí wọ́n bá fi ìpele REM du ènìyàn, ìpele náà yóò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àwọn òru tí wọ́n bá jẹ́ kí ó sùn. Nítorí náà, obìnrin tí wọ́n ní kí ó fi òru mẹ́ta léra ṣe ìṣọ́ òru nítorí pé ó rí ọkọ rẹ̀ tó kú, tí ẹ̀rù oorun sì wá ń bà á, yóò lá àlá tó le sí i bí oorun bá gbé e níkẹyìn, wọn yóò sì sọ fún un pé ọ̀tá kò tíì fẹ́ lọ.

Ẹ̀sìn pàápàá kò fi dandan lé ìgbàgbọ́ yìí. Ìwé Oníwàásù nínú Bíbélì, ní orí karùn-ún, so àlá mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ àti àníyàn ènìyàn. Hádíìsì tí ó pín àlá sí mẹ́ta ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ohun tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ lọ́kàn. Àwọn àgbà Yorùbá a sì máa dágbére fún òkú pé ó di gbéré, ó di ojú àlá. Ẹnikẹ́ni kì í fi ohun tí ń bani lẹ́rù dágbére, nítorí náà ìtùnú ni wọ́n ka irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sí. Rosalind Cartwright, tí ó ṣèwádìí ní Chicago nípa àwọn tí ìkọ̀sílẹ̀ kó sínú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, rí i pé àwọn tí ọkọ tàbí aya àtijọ́ ń fara hàn nínú àlá wọn ni ara wọn sábà máa ń yá jù bí ọdún bá yípo. Èyí kò sọ pé àlá nìkan ni ó wò wọ́n sàn, ṣùgbọ́n ó ta ko ẹni tó ń wí pé ìparun ni irú àlá bẹ́ẹ̀ ń kéde.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, iṣẹ́ òwúrọ̀ kò le. Kí ẹni tó jí dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì pe ohun tó ń dùn ún lórúkọ: àárò ni, ìbínú ni, àbí àbámọ̀. Bí omijé bá dé, kí ó sun ún. Lẹ́yìn náà kí ó wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sì kọ àlá náà sílẹ̀ tàbí kí ó rọ́ ọ fún ẹni tí kò ní sọ ọ́ di àsọtẹ́lẹ̀. Kò yẹ kí ó gbé fóònù ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti pe olólùfẹ́ àtijọ́, nítorí ìpinnu tí ó lè tú ilé méjì ká kò gbọdọ̀ dúró lórí oorun. Bí ìdí kan bá wà láti bá ẹni náà sọ̀rọ̀, ìdí náà yóò ṣì wà ní ọ̀sán ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ tàbí aya tí a rọ́ irú àlá yìí fún kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pe ẹjọ́ àgbèrè, nítorí kò sí ẹni tó ń yan ohun tí yóò lá.

Àlá mìíràn wà tí ó ju èyí lọ. Bí ẹ̀rù kan náà bá ń jí ènìyàn lóòrèkóòrè, àwọn oníṣègùn lè kọ́ ọ láti yí ìparí àlá náà padà ní ojúmọmọ kí ó sì máa ro ìparí tuntun náà léraléra. Bí ìbànújẹ́ òkú kò bá sì dẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣiṣẹ́ tàbí tọ́jú ara rẹ̀, tí ó sì ju ohun tí àṣà ìlú rẹ̀ gbà lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àìsàn tí ó ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta àti ilé ìwòsàn Yunifásítì (UCH) ní Ìbàdàn ní àwọn onímọ̀ tí ó lè bójú tó o. Ojúṣe kan sì wà lọ́rùn àlùfáà, àáfà, babaláwo tàbí olórí ẹbí tí opó bá rọ́ àlá rẹ̀ fún: kí ó tó ka ọjọ́ ààwẹ̀ fún un tàbí kí ó dárúkọ ètùtù, kí ó kọ́kọ́ bi í bí ó ṣe ń sùn, ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun, àti ibi tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti ń wá láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ.