Ọta, Ọ̀tá àti Ọ̀tà: Èrò Mi Lórí Ọta Ìbọn Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ jẹ́ kí a fi àmì ohùn bẹ̀rẹ̀ lónìí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Bí a bá kọ ọta, tí ohùn rẹ̀ méjèèjì wà ní àárín, ohun tí ìbọn ń yìn jáde ni. Bí a bá kọ ọ̀tá, ẹni tí ó kórìíra ẹni ni. Bí a bá sì kọ Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì ni, ìlú tí orúkọ rẹ̀ wà lára orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni Ìgbẹsà wà. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i, bákan náà ni yóò kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbẹ̀rù mi ni pé, bí a kò bá ṣọ́ra, ọta tí a fi owó ara wa rà lè sọ wá di ọ̀tá ara wa ní agbègbè Ọ̀tà.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń gbé ní Ìgbẹsà bi mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ènìyàn ti lè rí ọta ìbọn ìléwọ́ rà ní owó pọ́ọ́kú, kí ó máa fi dánra wò?” Ó ti wo àwọn ará Amẹ́ríkà nínú fídíò, bí wọ́n ṣe ń fojú sun àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó, tí wọ́n ń yìn ín lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ka iye tí ó bà. Ọmọ náà kò ní èrò ibi lọ́kàn. Eré ni ó rí, eré náà sì wù ú.

Ìdáhùn mi kò gùn: kò sí ibi kankan. Òfin ìbọn ti Nàìjíríà, tí ó ti wà láti 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Inú ìsọ̀rí kìíní ni ìbọn ìléwọ́ wà, òun pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù. Láìsí àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní in. Inú ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ọdẹ tí ń lo katiríìjì wà, pẹ̀lú ìbọn tí ń fi afẹ́fẹ́ lásán ta ọta. Ìbọn ṣakabùlà wà nínú ìsọ̀rí kẹta, òun náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìwé àṣẹ. Ọta tẹ̀lé ìbọn rẹ̀: ohun tí ẹnìkan kò ní àṣẹ láti yìn, kò ní àṣẹ láti tọ́jú ọta rẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn. Òfin 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn sì fi ìyà tì í: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí owó ìtanràn ₦20,000, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ohun tí ọmọ náà rí nínú fídíò kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ kọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ti 1968 gba oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ láyè láti ta ọta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí ó bá ti pé ọdún 21. Ọ̀pọ̀ níbẹ̀ a máa fi ọta kékeré dánra wò nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ wá wo àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọ 16 pẹ̀lú olùkọ́ wọn ní Dunblane ní 1996, òfin 1997 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Nígbà náà, àwọn tí ń fi í díje pàápàá ní láti lọ máa dánra wò ní òkè òkun. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Àwa náà ti mọ ohun tí wíwá ọta kiri lè fà. Ní 1877, Ààrẹ Látòóṣà ti Ìbàdàn rán àwọn ènìyàn lọ ra ẹ̀tù àti ohun ìjà ní Àjàṣẹ́, tí à ń pè ní Porto-Novo. Àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ìjà tí ó tẹ̀lé e wà lára ohun tí ó ṣí ìlẹ̀kùn ogun ọdún 16 tí ó parí ní 1893, èyí tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ogun Kírìjì. Ẹrù ẹ̀tù kan ṣoṣo ni wọ́n lọ rà. Ọmọ tí wọn kò tí ì bí nígbà náà dàgbà bá ogun.

Síbẹ̀, ìbéèrè ọmọ yìí kò jẹ́ kí n sùn, nítorí pé àwọn kan wà ní Ìgbẹsà tí ó yẹ kí wọ́n máa béèrè rẹ̀. Àwọn ọdẹ ni mo ń sọ. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà. Ọdẹ ni ẹni tí ń lọ sínú igbó láti pa ẹran. Lónìí, ọdẹ náà ni ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Igbó ti di ilé iṣẹ́. Ẹ wo àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ Ògùn-Guangdong ní Ìgbẹsà, ẹ wo Yunifásítì Crawford tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005. Ẹtu ti sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tù ṣì wà lọ́wọ́ ọdẹ. Ibi tí ó ti ń fojú sun ẹran tẹ́lẹ̀, ènìyàn ni ó ń kọjá níbẹ̀ báyìí.

Ta ni ó sì kọ́ ọdẹ òru yìí ní ìbọn? Ẹ̀tù àti katiríìjì jẹ́ owó lọ́wọ́ ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, kì í yin ìbọn títí di ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Mo ti wà níbi ìsìnkú ọdẹ tí wọ́n ti yin ìbọn sókè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. N kò bú àṣà, ẹ̀yẹ ni. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́kàn mi pé, nínú gbogbo ẹ̀tù tí ó jó lọ yìí, mélòó ni àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ yìn sí àmì, lábẹ́ ojú àgbà, kí wọ́n tó gbé ìbọn jáde sí àárín ọmọ ènìyàn?

Èrò mi nìyí. Kì í ṣe ọta olówó pọ́ọ́kú ni a nílò, bí kò ṣe ọta tí a ka iye rẹ̀. Láti 2020 tí àwọn gómìnà wa ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ìjọba ti gbà pé ọdẹ wà lára àwọn tí ń ṣọ́ wa. Kí wọ́n wá pèsè pápá ìdánrawò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ àbójútó ọlọ́pàá. Ọdẹ tí ó ní ìwé àṣẹ yóò wá, wọn yóò fún un ní katiríìjì mẹ́wàá, yóò sì dá àkọ̀ mẹ́wàá padà kí ó tó lọ. Kí ìyẹn tó dé pàápàá, ẹ̀kọ́ kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: bí a ṣe ń tú ọta kúrò lẹ́nu ìbọn, bí a ṣe ń fi òfìfo ìbọn fojú sun àmì, àti bí a ṣe ń dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà nítòsí.

Àwọn kan yóò ní bí ọdẹ bá rí ọta gbà, olè náà yóò rí i. Òtítọ́ ni pé olè kò dúró de ọdẹ. Ní oṣù kìíní 2017, àwọn aṣọ́bodè gba ìbọn 661 nínú ọkọ̀ kan ní Èkó. Inú àpótí ẹrù ni wọ́n tọ́jú wọn sí. Ọjà òkùnkùn ni ọta pọ́ọ́kú wà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í kà á níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rà níbẹ̀ láti fi ṣeré ń bọ́ ẹni tí yóò wá ja ilé rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà nìyí: aburo mi, bí ojú rẹ bá mú, tí o sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ dúró, lọ kọ́ ọfà títa. Ọfà kò ní kí o lọ bá ẹni tí ń tajà nínú òkùnkùn. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí wa, ẹ jẹ́ kí a rí i dájú pé ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ mọ̀ ọ́n lò.