Kò Ì Tíì Yẹ Kí Nánò Wọ Oúnjẹ Ehoro

Mínírà nánò, ìyẹn èérún mínírà tó kéré jọjọ, ìbáà ṣe síńkì, ìbáà ṣe selenium, kò ì tíì tó ohun tí à ń tà fún olóko ehoro, kò sì yẹ kí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i báyìí. Àwọn tó ń gbé e lárugẹ máa ń tọ́ka sí Íjíbítì, níbi tí ooru ti ń pọ́n ehoro lójú, ẹran tí kò lè làágùn dáadáa, tó jẹ́ pé etí ló fi ń tu ara. Lóòótọ́, ìwádìí ti jáde níbẹ̀ pé ọmọ ehoro tó jẹ nánò sanra ju èyí tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ni èyí tí kò jẹ ẹ́ jẹ? Bó bá jẹ́ oúnjẹ tí wọn kò fi síńkì kankan kún ni wọ́n fún un, ohun tí a rí kọ́ kò ju pé síńkì ń ṣara lóore, a sì ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ká gbà pé kíkéré rẹ̀ ló ṣiṣẹ́, àfi kó gbé síńkì lásán tó wọ̀n bákan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ṣe bẹ́ẹ̀, tiwọn nìkan ló yẹ ká máa kà sí ẹ̀rí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni inú ehoro fúnra rẹ̀. Èérún nánò kì í ju 100 nanómítà lọ, bẹ́ẹ̀ bílíọ̀nù kan nanómítà ló wà nínú mítà kan. Kíkéré yìí ni wọ́n ní ó ń jẹ́ kó tètè wọ ara. Òun náà ló ń jẹ́ kó lè pa kòkòrò àìfojúrí. Kòkòrò àìfojúrí sì rèé, àwọn ló ń bá ehoro se oúnjẹ. Nínú àpò ńlá kan lára ìfun rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ koríko di ohun aṣaralóore. Ehoro á wá yàgbẹ́ rírọ̀, á ki ẹnu bọ ìdí, á gbé e mì láìrún un. Ibẹ̀ ló ti ń rí fítámì B àti purotéènì tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ohun tí ìfun kò gbà lónìí, nígbà náà, ṣì lè padà wọlé. Nínú ọmọ ehoro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, àwọn kòkòrò náà kò tíì fìdí kalẹ̀, ìgbà yẹn sì ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń pa wọ́n. Ẹni tó bá da apakòkòrò sí i níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ èyí tó pa àti èyí tó dá sí. Òṣùwọ̀n kílò kò lè dáhùn ìyẹn, kò sì lè sọ iye tó kù nínú ẹ̀dọ̀ tí àwa ń sè jẹ.

Àwọn tó ń gbé nánò lárugẹ á ní òun ni kò ní jẹ́ kí síńkì púpọ̀ máa bá ìgbẹ́ ẹran wọ ilẹ̀. Àròyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀; ara ohun tí Yúróòpù rò nìyẹn tí wọ́n fi dá oògùn síńkì ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ dúró ní 2022. Àpọ̀jù ló ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì dìgbà tí a bá ra nánò ká tó dín àpọ̀jù kù. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n yọ titanium dioxide kúrò nínú oúnjẹ èèyàn, torí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ba DNA jẹ́, èérún nánò sì wà lára ohun tó kó ìpayà bá wọn. Titanium kì í ṣe síńkì, mo gbà. Ìlànà ibẹ̀ ni mo ń wò: ohun tí a kò bá lè jẹ́rìí sí kì í wọ ìkòkò.

Ẹ tún wo ọwọ́ tí yóò pò ó. Selenium 0.3 mg nínú kílò oúnjẹ kan já sí 7.5 mg nínú àpò kílò 25. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì po oúnjẹ ẹran lórí sìmẹ́ǹtì kò lè pín ìyẹn dọ́gba. Ehoro kan á kó o jẹ, òmíràn á mú òfo. Premix, ìyẹn àpòpọ̀ mínírà tó ń rà, sì ti ní síńkì àti selenium nínú tẹ́lẹ̀. Àpọ̀jù selenium ń mú kí irun ẹran re, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àyè tó wà láàárín èyí tó tó àti èyí tó pọ̀ jù kò sì fẹ̀ rárá. Kí NAFDAC ní kí olùtajà mú ìdánwò wá tí síńkì lásán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nánò, tí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ àti àpò ìfun wò, nínú ooru tiwa, pẹ̀lú oúnjẹ tiwa. Títí ìyẹn yóò fi dé, yàrá ìwádìí ni kí ọjà náà wà.