Alẹ́ La Ti Ń Tọ́jú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Nígbà Òtútù

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ti ní ọmọ tàbí àbúrò ní Winnipeg, Edmonton, Saskatoon tàbí Calgary báyìí, níbi tí òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Winnipeg, òtútù dígírì Celsius 20 lábẹ́ òdo ni wọ́n sábà máa ń bá jí láàárín oṣù náà, ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń kọjá 30. Ẹni tó ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ wà láìní ọkọ̀, nítorí ọ̀nà jìn, ìdúró pípẹ́ ní ibùdókọ̀ sì lè mú kí òtútù ba ìka jẹ́. Síbẹ̀, àṣà ilé ni púpọ̀ nínú wa gbé dé ọ̀hún: a jí, a sítáàtì mọ́tò, a fi í sílẹ̀ kó máa dún títí tó fi máa wọ́ọ̀mù, a sì gbéra. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn pé àṣà yìí kò dáàbò bo ẹ́ńjìnnì nínú òtútù líle. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún geere, ìpalára tí à ń sá fún ti ṣẹlẹ̀. Alẹ́, nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ni ìtọ́jú tó ní láárí ń wáyé.

Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀wò láti orí ọ́ìlì. Gbàrà tí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í sàn padà sínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ ara irin ló máa ń kù lókè. Nígbà tí a bá tún sítáàtì, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ fa ọ́ìlì náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí àwọn irin tó ń yí má baà máa ha ara wọn. Nínú ooru Ìbàdàn, iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ rárá. Nínú òtútù líle, ọ́ìlì á ki bí oyin, pọ́ǹpù á máa tiraka, irin á sì máa yí lórí irin láìsí ohun tó tó láàárín wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára agolo ọ́ìlì ló ń fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n SAE, èyí tó jẹ́ 20W, irú 20W-50 tí àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ dáadáa nílé, dígírì 20 lábẹ́ òdo ni wọ́n ti ń dán an wò bóyá pọ́ǹpù ṣì lè fà á. Ti 5W jẹ́ 35, ti 0W sì jẹ́ 40. Ìyẹn ni pé ní òwúrọ̀ tí òtútù bá wà ní 30, 20W ti kọjá ààlà rẹ̀ pátápátá, 5W ṣì ń ṣiṣẹ́ àmọ́ kò jìnnà sí ààlà tirẹ̀. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ ní ká lò fún ìgbà òtútù ló yẹ kó ti wà nínú ẹ́ńjìnnì kí òtútù tó wọlé. Wọ́ọ̀mù òwúrọ̀ kò lè tún ọ́ìlì tí kò tọ́ ṣe, nítorí ìgbà tí ọkọ̀ kò tíì gbóná gan-an ni ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ń ṣe jàǹbá.

Bátìrì ló tẹ̀lé e. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín òjé àti ásíìdì inú bátìrì ló ń pèsè agbára rẹ̀, òtútù sì ń mú kí iṣẹ́ yìí falẹ̀. Nígbà tí òtútù bá fi máa dé nǹkan bíi 18 lábẹ́ òdo, bátìrì tó dára lè máà ní ju bí ìdajì agbára tó ní nígbà ooru lọ, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tó ti ki ń béèrè agbára púpọ̀ sí i kí ẹ́ńjìnnì tó lè yí. Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Bátìrì tó kún fọ́fọ́ kì í dì nínú òtútù Winnipeg, nítorí ásíìdì inú rẹ̀ le; ṣùgbọ́n èyí tó ti tán, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, dígírì díẹ̀ lábẹ́ òdo sì ti tó láti sọ ọ́ di yìnyín kí àpótí rẹ̀ sì là. Ẹni tó bá gbàgbé iná ọkọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ lè bá bátìrì tó ti kọjá àtúnṣe láàárọ̀. Kò sì gbọdọ̀ fi wáyà jọ́ḿpù èyí tó ti dì, torí ó lè bú gbàù. Ẹni tó jẹ́ pé ilé sí ṣọ́ọ̀bù ìtòsí nìkan ló ń wa ọkọ̀ dé, ìrìn kúkúrú bẹ́ẹ̀ kì í dá agbára tí sítáàtì fà jáde padà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a yẹ bátìrì wò kí ìgbà òtútù tó dé, kí a sì máa fi ṣájà kékeré fún un lágbára lóru bí ó bá ti ń darúgbó.

Ọ̀rọ̀ kúláǹtì tún kan àwa tí a ti ilé lọ gan-an, nítorí a ti mọ̀ ọ́n lára láti bu omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀ nígbàkigbà tó bá fà. Omi máa ń fẹ̀ tó ìdá 9 nínú 100 nígbà tó bá di yìnyín, irin ẹ́ńjìnnì kò sì lágbára tó láti dá a dúró. Bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì á là, ọkọ̀ tí kò rìn ní gbogbo òru náà á sì ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn mìíràn sá fún èyí, wọ́n wá da kúláǹtì ògidì sínú rẹ̀ láìbu omi rárá, wọ́n rò pé bó bá ṣe ki tó ni ààbò rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ethylene glycol, tó jẹ́ olórí èròjà inú kúláǹtì, máa ń dì ní nǹkan bíi 13 lábẹ́ òdo bó bá dá wà. Bí a bá pò ó mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì, ó di nǹkan bíi 37 kí ó tó dì. Bí kúláǹtì bá jẹ́ ìdá 60 tí omi jẹ́ 40, ó máa ń kọjá 50. Mẹkáníìkì lè fi ẹ̀rọ kékeré wọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó máa méfò lórí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ la òru já. Èyí tó ń jẹ́ kó sítáàtì láìfara pa ni ooru tí a fi ràn án lọ́wọ́ ṣáájú. Àwọn awakọ̀ òfuurufú tó kọ́kọ́ ń fò lọ sí ìhà àríwá Kánádà ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti mọ èyí: bí wọ́n bá ti balẹ̀, wọ́n á fa ọ́ìlì kúrò nínú ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á gbé e wọlé, wọ́n á sì yá a lórí iná lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó dà á padà. Ní ọdún 1949, Andrew Freeman, ará Grand Forks ní ìpínlẹ̀ North Dakota, gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ohun èlò iná mànàmáná tí a ń dè mọ́ ẹ́ńjìnnì láti mú un gbóná. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní block heater lónìí, òun ló ní wáyà tó máa ń yọ jáde níwájú ọkọ̀ ní Manitoba tàbí Saskatchewan. Ó ń mú kúláǹtì inú bulọ́ọ̀kù gbóná, ooru á sì ti ibẹ̀ ràn dé ara irin àti ọ́ìlì. Natural Resources Canada, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà, gbà wá nímọ̀ràn láti lo táímà tí yóò tan án ní bí wákàtí 2 ṣáájú ìgbà tí a fẹ́ jáde, ó sì sọ pé ní òtútù 20 lábẹ́ òdo, ó lè dín epo tí ọkọ̀ ń jẹ kù tó ìdá 10 nínú 100. Bí ọkọ̀ bá wà nínú òtútù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí 3 tàbí 4 kò pọ̀ jù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ́ńjìnnì náà kò yàtọ̀.

Ẹni tó gba wọ́ọ̀mù gbọ́ á béèrè pé ṣé gbígbóná kọ́ ni ẹ́ńjìnnì tó ń dún náà ń gbóná ni. Ó ń gbóná lóòótọ́, àmọ́ ó ń pẹ́, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń dún lójú kan kò ṣe iṣẹ́ tó lè mú ooru púpọ̀ wá. Nígbà tó bá tutù, epo pẹtiróòlù tó ń wọ inú rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti ìgbà tó gbóná lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í jó tán, á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára irin, á tún máa pò mọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Jíà, béárì àti táyà, ìrìn nìkan ló ń mú wọn gbóná. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní ká fi dúró, ká sì rọra wà á lọ. Nínú òtútù tó le jù, ìṣẹ́jú díẹ̀ bójú mu. Mo gbà pé gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ̀ sójú títì. Ẹ̀mí ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a ti fi iná yá lóru ló ń tètè fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí gíláàsì, nítorí náà ọ̀nà kan náà ló yanjú ìṣòro méjèèjì.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ òde òní kò nílò gbogbo èyí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì àti ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì ti mú nǹkan rọrùn; ọkọ̀ tuntun máa ń sítáàtì ní 15 tàbí 20 lábẹ́ òdo láìsí ìrànlọ́wọ́, kò sì sí ìdí láti ki wáyà bọ iná ní alẹ́ tí òtútù kò ju 5 lọ. Àmọ́ pé ọkọ̀ dáhùn kò túmọ̀ sí pé kò jìyà, ìgbà òtútù tó ń lò tó oṣù márùn-ún sì ń sọ ìyà kékeré di ńlá. Àwọn mìíràn á tọ́ka sí Yakutsk ní Rọ́ṣíà, níbi tí òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ ti ń sún mọ́ 40 lábẹ́ òdo, tí àwọn kan kì í sì í pa ọkọ̀ wọn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí mò ń wí gan-an ni wọ́n ń ṣe: wọn kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó lò ó. Epo tó ń ṣòfò àti èéfín tó ń bo ìlú ni iye tí wọ́n ń san fún un, àwọn tó sì rí gárééjì olóoru níbẹ̀ kò fi ọkọ̀ síta. Ti aṣọ tó nípọn tí wọ́n ń fi bo ọkọ̀ ńkọ́? Ó ń pa ooru tó wà nílẹ̀ mọ́ fún wákàtí díẹ̀, kò lè dá òmíràn sílẹ̀. Bákan náà, òtútù afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kéde pé ó ti dé 45, ara ènìyàn ni wọ́n ń sọ. Afẹ́fẹ́ lè mú kí ọkọ̀ tètè tutù, àmọ́ kò lè mú un tutù ju ojú ọjọ́ gangan lọ. Nọ́ńbà ojú ọjọ́ ni ká fi pinnu ohun tí ọkọ̀ wa nílò.

Àríwísí tó wúwo jù ni ti ẹni tó háyà fúláàtì tí kò rí ibi tí yóò ki wáyà bọ̀, tàbí tí owó iná ń kọ lóminú. Ti owó kò le. Block heater tó ń jẹ wáàtì 600 fún wákàtí 3 yóò lo kílówáàtì-wákàtí 1.8; ní Manitoba, tí owó iná wà ní bíi sẹ́ǹtì 10 fún ìkọ̀ọ̀kan, kò tó sẹ́ǹtì 20 ní òru kan. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12 láìlo táímà ló ń sanwó ìlọ́po mẹ́rin láìrí èrè kún un. Ti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló yẹ kí a bá onílé sọ. Ẹni tó ń gbowó ibi ìgbọ́kọ̀sí ní ìlú tí òtútù ti ń pa bátìrì yẹ kó pèsè iná síbẹ̀, bó ṣe ń pèsè omi sínú ilé. Ó sì tọ́ kí àwa náà béèrè kí á tó fọwọ́ sí ìwé ilé, nítorí lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ọ̀rọ̀ ẹnu wa kì í wúwo mọ́. Ẹni tí kò rí iná lò rárá ṣì lè lo 0W bí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ bá fàyè gbà á, kó gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́, kó sì gbé bátìrì tó ti darúgbó wọlé nígbà tí òtútù bá le jù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo fi kún un. Wáyà tí wọ́n ṣe fún lílò níta tí ó sì nípọn tó ni kí a lò. Wáyà inú ilé lè gbóná kó sì dá iná sílẹ̀. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa dún nínú gárééjì tó lẹ̀ mọ́ ilé, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí, nítorí carbon monoxide kò lóòórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹni tó ń fi rìmóòtù tan ọkọ̀ láti inú yàrá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé, tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Kánádà, ẹ bi í léèrè nípa ọ́ìlì, bátìrì, kúláǹtì àti block heater kí oṣù Kọkànlá tó dé. Owó táímà àti wáyà tó dára kò tó owó tí wọ́n máa gbà láti fa ọkọ̀ kan lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ká má tíì sọ owó ẹ́ńjìnnì.