Kí La Gbìn Sí Etí Pápá Ẹran?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́bàá pápá tí ewúrẹ́ àti àgùntàn ti ń jẹ̀. Lápálápá la fi sọgbà yí i ká, nítorí ẹran kì í sábà jẹ ewé rẹ̀. Èso rẹ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Májèlé ni. Owó ẹgbẹ́ sì ni ẹlòmíràn yá tó fi ra ewúrẹ́. Bó bá kú, gbèsè ò bá a kú.

Èrò tiwa ni pé agúnmániyè ló yẹ ká gbìn. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, á hù. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn fi ewé rẹ̀ bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Bí ẹran bá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó rọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ẹṣin o.

Ẹ̀gẹ́ náà, àárín oko ni kó wà. Àjẹjù ewé rẹ̀ tútù lè pa ẹran.

Ẹ má sọ pé, "Ta ló ní kí ẹran rẹ̀ wá síbẹ̀?" Ẹran ò mọ ààlà, àwa la mọ̀ ọ́n. Kí oníkálukú lọ yẹ ọgbà rẹ̀ wò kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀.